Bẹ́ ẹ ṣe lè máa fọkàn sí ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́wọ́, nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun tó máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú kúrò lọ́nà. Mindfulness, ìyẹn kéèyàn wà níbi tó wà tọkàntara, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ lé gbogbo èrò kúrò lọ́kàn o. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìyẹn, iṣẹ́ ọpọlọ ni kó máa ronú bó ṣe jẹ́ iṣẹ́ etí pé kó máa gbọ́ràn. Ohun tá à ń sọ ni pé kẹ́ ẹ máa mọ ibi tí ọkàn yín wà, tó bá ti sá lọ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti sá lọ, kẹ́ ẹ wá mú un padà síbi tí ara yín wà láì bú ara yín. Ó tán. Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà máa mú un padà ni, nínú àwọn nǹkan tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ bí ìwẹ̀, abọ́ fífọ̀, ìrìn, oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ ò nílò àga pàtàkì, ẹ ò nílò àbẹ́là, ẹ ò sì nílò áàpù kankan lórí fóònù.

Nǹkan yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Inú ẹ̀sìn Búdà ló ti wá, ó sì ti lé ní 2,000 ọdún táwọn èèyàn ti ń ṣe é. Lọ́dún 1979 ni Jon Kabat-Zinn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, gbé e wọ ilé ìwòsàn ní University of Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò níbẹ̀, ó sì fi ń kọ́ àwọn tí ìrora wọn ò lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ètò yẹn ló wá di ti ọ̀sẹ̀ 8 tó kárí ayé lónìí. Torí náà ẹlẹ́sìn èyíkéyìí lè ṣe é, ẹni tí ò sì ṣe ẹ̀sìn kankan náà lè ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo

Ohun tó máa ń tètè mú kó sú èèyàn ni pé á fẹ́ máa fọkàn sí gbogbo nǹkan láti àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti rẹ̀ ẹ́, á ní nǹkan yìí kì í ṣe ti òun. Ẹ mú ẹyọ kan. Kó jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe dandan lójúmọ́, tí ò gba làákàyè púpọ̀, tí ò sì ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: eyín fífọ̀, ìwẹ̀, abọ́ fífọ̀, bàtà wíwọ̀, àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́.

Ká ní abọ́ fífọ̀ lẹ mú. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí abọ́, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan omi. Ẹ mọ̀ ọ́n lára pé ẹ wà lórí ìdúró, pé àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì ń tẹ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá tọwọ́ bọ omi: ṣé ó tutù ni àbí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, báwo ni ọṣẹ ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́, báwo ni abọ́ yìí ṣe wúwo tó, ìró wo ló ń dún tí abọ́ bá kan abọ́. Ẹ ò ní máa fi ọ̀rọ̀ dáhùn àwọn ìbéèrè yẹn o, ẹ sáà máa mọ̀ ọ́n lára. Abọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ọwọ́ yín ti ń sáré torí pé ẹ fẹ́ tètè kúrò nídìí ẹ̀, ìkánjú yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ yíjú sí, ibo lára yín ló wà, ṣé èjìká ló ti le ni àbí eyín lẹ fi ń di eyín? Thich Nhat Hanh, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà ará Vietnam tó kú lọ́dún 2022, fẹ́ràn àpẹẹrẹ abọ́ fífọ̀ yìí gan-an, ohun tó sì máa ń sọ ni pé kéèyàn fọ abọ́ torí àtifọ abọ́, kì í ṣe torí kó lè tán kó lọ ṣe nǹkan míì. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀ pátápátá, torí ẹni tó bá ń fọ abọ́ tó ń ro tíì tó fẹ́ mu lẹ́yìn ẹ̀, tó bá débi tíì náà, nǹkan míì ni yóò tún máa rò.

Ẹ má fi ọkọ̀ wíwà bẹ̀rẹ̀. Lójú títì, ojú ọ̀nà nìkan lọkàn yín gbọ́dọ̀ wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ sọ èémí di ibi tẹ́ ẹ máa ń padà sí

Ìdí tí gbogbo èèyàn fi máa ń lo èémí ni pé kò sígbà tí kì í sí lára yín, ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀ sílé. Ẹ jókòó tàbí kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ má yí èémí yín padà ná, kẹ́ ẹ kàn wá ibi tẹ́ ẹ ti ń mọ̀ ọ́n lára jù. Àwọn kan á mọ̀ ọ́n nínú imú, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń tutù díẹ̀ tó bá ń wọlé, àwọn míì á mọ̀ ọ́n láyà, àwọn míì á mọ̀ ọ́n níkùn tó ń wú tó sì ń fà. Èmi ò rò pé ọ̀kan dáa ju ìkejì lọ. Ẹ mú ibì kan kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀.

Tó bá ṣòro, ẹ máa kà á. Tẹ́ ẹ bá mí síta tán, 1, tẹ́ ẹ bá tún mí síta tán, 2, títí dé 10, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti 1 padà. Ó ṣeé ṣe kí òǹkà sọ nù mọ́ yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó dé 4, ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ká ara yín mọ́ ibi 17. Kò sí wàhálà níbẹ̀ rárá, ẹ padà sí 1.

Tí ara yín bá gbóná, tí ẹ̀rù ń bà yín tàbí tẹ́ ẹ̀ ń múra àtiwọlé ìdánwò, ẹ jẹ́ kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ. Ẹ lè ka 4 tẹ́ ẹ bá ń mí sínú, kẹ́ ẹ ka 6 tẹ́ ẹ bá ń mí síta. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe àdììtú: tá a bá ń mí sínú, ọkàn tó ń lù láyà wa máa ń yára díẹ̀, tá a bá ń mí síta ó máa ń rọra lù, iṣan kan tí wọ́n ń pè ní vagus tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé àyà àti ikùn ló sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá fa mímí síta gùn, iṣan yẹn lẹ̀ ń fún láyè. Bí òòyì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín, ẹ fi kíkà sílẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kí èémí máa lọ bó ṣe fẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Tí ọkàn bá ti sá lọ

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọkàn máa sá lọ. Lọ́dún 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ní yunifásítì Harvard lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde, fóònù ni wọ́n fi ń bi àwọn èèyàn 2,250 léèrè lójijì pé kí lẹ̀ ń ṣe báyìí, kí lẹ̀ ń rò, báwo lara yín ṣe rí. Wọ́n rí i pé nínú ìgbà 100 tí wọ́n bá bèèrè, nǹkan bí ìgbà 47 ni ọkàn àwọn èèyàn yẹn ò sí níbi ohun tí wọ́n ń ṣe. Inú wọn ò sì dùn tó nígbà yẹn bó ṣe máa ń dùn tí ọkàn wọn bá wà níbi iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kódà tó bá jẹ́ nǹkan tó dùn mọ́ wọn ni wọ́n ń rò, inú wọn ò dùn ju ti ẹni tó fọkàn sí ohun tó ń ṣe lọ. Mo fi èyí síbí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọkàn tó ń rìn kiri kì í ṣe àìsàn tó mú ẹ̀yin nìkan, bí ọkàn èèyàn ṣe rí nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò ju mẹ́ta lọ. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti lọ. Lẹ́yìn náà ẹ pè é ní orúkọ kékeré kan nínú ọkàn yín: "ètò ọ̀la", "ìrántí", "àníyàn", "àròyé". Ẹ má tú u palẹ̀, ẹ má bá a jiyàn, orúkọ yẹn ti tó. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ padà sínú èémí tàbí sínú abọ́ tó wà lọ́wọ́ yín. Ó dà bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tó sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò ní nà án, ẹ máa dì í lọ́wọ́ mú kẹ́ ẹ mú un padà, tó bá tún lọ ẹ tún lọ mú un.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé bí ọkàn wọn ṣe sá lọ ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú 5, àwọn ti kùnà nìyẹn. Rárá o. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ nígbà 30 pé ó ti lọ, ìgbà 30 lẹ ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìṣẹ́jú àáyá tẹ́ ẹ bá rí i pé "háà, mi ò sí níbí", ìgbà yẹn gan-an lẹ wà níbẹ̀. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo àmọ́ tí ò mọ̀ títí aago fi dún, ẹni yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bíbú ara ẹni fi máa ń ba nǹkan yìí jẹ́, torí tẹ́ ẹ bá ń bú ara yín gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá padà dé, ta ló máa wù láti padà wá? Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Tó bá jẹ́ èrò kan náà ló ń padà wá, bíi mẹ́séèjì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kẹ́ ẹ gbé ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò lòdì sí nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ máa yẹ ara yín wò, láti orí dé ẹsẹ̀

Ara kì í sá lọ sínú àná tàbí ọ̀la, ọkàn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ń dúró de nǹkan, bóyá lórí ìlà ni o, bóyá bọ́ọ̀sì lẹ̀ ń retí, ẹ yẹ ibi mẹ́ta wò: àgbọ̀n, èjìká, ọwọ́. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àgbọ̀n wa ṣe máa ń le láì sídìí. Ẹ jẹ́ kí eyín òkè kúrò lára eyín ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sọ èjìká kalẹ̀, kẹ́ ẹ la àtẹ́lẹwọ́.

Lálẹ́, lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ lè ṣe èyí tó gùn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, ẹ fọkàn sí i fún bí èémí méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ gòkè sí àtẹ́lẹsẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún, itan, kẹ́ ẹ tó lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà ìbàdí, ikùn, ẹ̀yìn, àyà, apá méjèèjì, ọrùn, ojú, orí. Níbi tí ẹ ò bá ti mọ nǹkan kan lára, ẹ mọ̀ pé ẹ ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. Níbi tó bá ń dunni, ẹ má tètè sá kúrò, ẹ wò ó bóyá ó ń ta ni, àbí ó wúwo, àbí ó ń lọ tó ń bọ̀. Àmọ́ tó bá pọ̀ jù, ẹ kúrò níbẹ̀. Nínú ètò Kabat-Zinn, ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kí wọ́n tó ṣe èyí tán, àmọ́ ìṣẹ́jú 10 dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bí oorun bá sì gbé yín lọ, ó dàárọ̀ o.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Oúnjẹ

Mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ gbogbo oúnjẹ yín bí ìgbín. Òkèlè mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ti tó. Kí fóònù wà níbòmíì, kẹ́ ẹ wo oúnjẹ náà, kẹ́ ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀, kẹ́ ẹ fi sẹ́nu kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé e mì tán kẹ́ ẹ tó bu òmíràn. Nínú ètò ọ̀sẹ̀ 8 yẹn, èso àjàrà gbígbẹ ẹyọ kan ni wọ́n máa ń fi kọ́ èèyàn, wọ́n á wò ó, wọ́n á fọwọ́ rà á, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, kí wọ́n tó wá jẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fóònù

Èyí le jù lójú tèmi, òun náà ló sì ń sanni jù. Ṣáájú kẹ́ ẹ tó mú fóònù, ẹ dúró fún èémí kan, kẹ́ ẹ bi ara yín pé: kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ní ìdáhùn, ẹ mú un, ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Tí ẹ ò bá ní ìdáhùn, tó kàn jẹ́ pé ọwọ́ ń yún yín, ẹ fọkàn sí yíyún yẹn fún ìṣẹ́jú kan láì ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ máa rí i pé ó máa ga, á ga dé ibì kan, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Alan Marlatt, onímọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, fi irú ọ̀nà yìí ran àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí àti sìgá lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé bí ìfẹ́ nǹkan bá ti dìde, tá ò bá fún un lóhun tó fẹ́, ṣe ni yóò máa le sí i títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún lè sọ ìró fóònù di ohun ìrántí. Ní Plum Village, ibi tí Thich Nhat Hanh àtàwọn èèyàn ẹ̀ dá sílẹ̀ nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1982, tí agogo bá dún, tàbí tí fóònù bá dún, gbogbo èèyàn á dúró lójú kan, wọ́n á mí, kí wọ́n tó máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sí ohun tó ní kẹ́ ẹ gbé ìpè lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ mí, kẹ́ ẹ wá gbé e. Ẹni tó pè yín máa gbọ́ ìyàtọ̀ lóhùn yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìbínú, àti ọ̀rọ̀ láàárín èèyàn méjì

Tí ìbínú bá dé, ẹ má sọ pé ẹ ò bínú. Ẹ sọ ọ́ nínú ara yín: "inú ń bí mi", tàbí "ojú ń tì mí", tàbí "ẹ̀rù ló ń bà mí", torí lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rù ló máa ń múra bí ìbínú. Ìwádìí tí Matthew Lieberman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní UCLA, ìyẹn yunifásítì kan ní California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2007, fi hàn pé táwọn èèyàn bá fi ọ̀rọ̀ pe ohun tó wà lójú àwòrán ẹni tó ń bínú tàbí tẹ́rù ń bà, iṣẹ́ amygdala, ìyẹn apá inú ọpọlọ tó máa ń ta kìjí tí ewu bá dé, máa ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pe orúkọ ẹ̀, ẹ wá a lára: ṣé etí ló gbóná, ṣé ọ̀nà ọ̀fun ló há? Ẹ mí síta kó gùn. Ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ líle náà ni o, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, kì í ṣe ìbínú.

Tí ẹnì kan bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ọmọ yín ni o, ìyàwó tàbí ọkọ ni o, ẹ gbọ́ ọ títí á fi sọ ọ́ tán. Ẹ máa rí i bí ìdáhùn ṣe ń wá sọ́kàn yín kó tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ pè é lórúkọ, "ìdáhùn", kẹ́ ẹ padà sí ojú ẹni yẹn àti ohùn ẹ̀. Tí mo bá ní kí n mú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí mo kọ, èyí ni màá mú, torí àwọn tó wà nínú ilé yín ló máa kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ẹ̀.

Ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra

Kì í ṣe gbogbo ara ló gba kéèyàn dijú kó máa wo inú ara ẹ̀. Ẹni tó ti la nǹkan burúkú kọjá, bí ìjàǹbá tàbí ìwà ipá, ìrántí yẹn lè ya wọlé bó bá ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ la ojú sílẹ̀, ẹ fi èémí sílẹ̀, kẹ́ ẹ lo ohun tó wà níta: ẹ wo nǹkan 5 tó wà nínú yàrá, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ gbọ́ ìró tó ń dún lókèèrè. Tí kò bá rọlẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà tàbí ẹni tó kọ́ṣẹ́ nípa ìlera ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó bá ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: ẹ má torí èyí ju oògùn yín nù. Òótọ́ ni pé ètò kan wà tí àwọn onímọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá mẹ́ta, Zindel Segal, Mark Williams àti John Teasdale, ṣe láti má ṣe jẹ́ kí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn padà wá bá ẹni tó ti ní in rí, àmọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ló ń darí ẹ̀.

Bó ṣe máa mọ́ yín lára

Ẹ so ó mọ́ nǹkan tó ti wà, "tí mo bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín", kì í ṣe "tí mo bá ráyè". Ìwádìí tí Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní University College London rí i pé ó máa ń gbà tó ọjọ́ 66, tá a bá pín in dọ́gba, kí nǹkan tuntun tó di bára kú, àmọ́ ó yàtọ̀ gan-an láti orí ẹnì kan sí ẹnì kejì, láti ọjọ́ 18 títí dé 254. Wọ́n tún rí i pé ọjọ́ kan téèyàn fò ò ba nǹkan jẹ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbàgbé lónìí, ẹ ṣe é lọ́la, kẹ́ ẹ má wá ṣe ìlọ́po méjì. Tí ti àkọ́kọ́ bá ti ń wá fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó fi èkejì kún un.

Ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá dà lé yín lórí

Fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ èyí tí wọ́n ń ṣe fún ìṣẹ́jú 3, inú ètò àwọn Segal yẹn náà ló ti wá. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ bi ara yín pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú mi báyìí, èrò wo ló wà níbẹ̀, báwo ni ọkàn mi ṣe rí, ibo ló ti le lára mi, kẹ́ ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ìṣẹ́jú kejì, ẹ kó gbogbo ọkàn yín jọ sínú èémí nìkan. Ìṣẹ́jú kẹta, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ látinú èémí lọ sí gbogbo ara, láti orí dé ẹsẹ̀, títí kan ojú yín àti bẹ́ ẹ ṣe jókòó. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ dáa fún un, inú ọkọ̀ tó ti dúró náà dáa. Tí ìṣẹ́jú 3 ò bá sí, ẹ mú ti àárín yẹn nìkan, ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ padà wá ṣe ìyókù tí àyè bá yọ.